Ikú Yá Ju Ẹ̀sín Lọ: Òwe Kan àti Eré Kan tí A Ń Ṣì Lò Lórí Ọ̀rọ̀ Aláìsàn

Bí a bá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní aròkọ alárìíyànjiyàn lórí bóyá ó tọ́ kí dókítà ran aláìsàn tí kò lè yè mọ́ lọ́wọ́ láti kú, ohun méjì ni ó sábà máa ń hàn nínú ìwé wọn. Èkínní ni òwe tí ó sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èkejì ni eré-oníṣe Wọlé Ṣóyínká tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ sí Yorùbá ní 1994, tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Ikú Olókùn-Ẹṣin. Akẹ́kọ̀ọ́ a ti òwe síwájú, a fi eré tì í lẹ́yìn, a sì parí rẹ̀ sí i pé láti ìwáṣẹ̀ ni Yorùbá ti gbà pé ẹni tí ayé bá sú lè yan ikú, àti pé àwọn Òyìnbó tí wọ́n fi í sínú òfin, irú àwọn ará Nẹ́dálándì ní 2002, ẹ̀yìn wa ni wọ́n ń tọ̀. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà pẹ̀lú ń sọ ọ́ níbi àpérò, àwọn olùkọ́ mìíràn sì ń fi máàkì kún un nítorí pé òwe wà níbẹ̀, ìwé sì wà níbẹ̀.

Èrò tèmi ni pé òwe náà kò sọ bẹ́ẹ̀, eré náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ohun tí ó lè wí lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ó wà, a kò sì wo ibẹ̀ nítorí pé òwe tí ó rọrùn láti rántí ti gba ẹnu wa. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti ìdánwò nìkan, ènìyàn lè gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọ aròkọ yìí lónìí ni yóò dúró lẹ́bàá ibùsùn bàbá tàbí ìyá wọn lọ́la, tí dókítà yóò sì bi wọ́n léèrè pé kí ni kí òun ṣe. Òwe tí a bá kọ́ wọn ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ ni yóò kọ́kọ́ wá sí wọn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ òwe náà wò. Ọ̀rọ̀ tí ó gbé e ró ni ẹ̀sín. Ẹ̀sín kì í ṣe ìrora. Kì í ṣe àìlera. Kì í ṣe ogbó. Ẹ̀sín ni ohun tí ayé ń fi kan ènìyàn nígbà tí ó bá ṣe ohun tí kò yẹ ipò rẹ̀, tàbí nígbà tí a bá borí rẹ̀ níbi tí kò yẹ kí a ti borí rẹ̀. A ó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ó máa nàka sí i. Ìdí nìyí tí òwe náà fi bá ẹnu jagunjagun, ọba àti ìjòyè mu ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀gágun tí ogun rẹ̀ fọ́ a máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó padà wọ̀lú. Aláàfin tí Baṣọ̀run àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì kọ̀, tí wọ́n ní kí ó ṣígbá wò, mọ̀ pé òun kò lè jókòó lórí oyè mọ́. Ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí ó jáde ní 1921, sọ bí Baṣọ̀run Gáà ṣe fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rán ọba lọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀. Nínú gbogbo èyí, ara ẹni tí ó fẹ́ kú le koko. Kò sí ibà lára rẹ̀, kò sí egbò. Ohun tí ó bàjẹ́ ni orúkọ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìwé àlàyé òwe kì í sábà tọ́ka sí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni í pa òwe yìí fún ara rẹ̀. Òun ni yóò kú, òun ni ó sì ń sọ pé ikú náà yá. Bí ẹlòmíràn bá gbà á lẹ́nu rẹ̀ tí ó pa á lé e lórí, kì í ṣe òwe mọ́. Ó ti di àṣẹ tàbí èpè. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì kì í pa òwe fún ọba. Igbá ni wọ́n ń gbé wá, nítorí pé wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàrin òwe àti àṣẹ. Ọmọ tí ó wá dúró lẹ́bàá ìyá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, tí ó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ẹ̀sín ta ni ó ń sọ? Bí a bá wádìí rẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹ̀sín tirẹ̀: gbèsè tí ó ti jẹ káàkiri, iṣẹ́ tí ó ń pa jẹ, ará àdúgbò tí ń gbọ́ igbe ìyá lóru. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun kékeré, n kò sì fi ojú tín-ínrín wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá kọ́ ni ó pa òwe náà.

Wọn a ní kí àgbàlagbà dùbúlẹ̀ láìlè dìde, kí a máa wẹ̀ fún un, kí a máa pààrọ̀ aṣọ tí ó tọ̀ sí, ẹ̀sín ni. Èdè wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Òwe tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu gẹ́lẹ́ ni pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí kò pe gbígbára lé ọmọ ní àbùkù. Ó pè é ní bí ayé ṣe rí. Ní ẹnu ọ̀pọ̀ àgbà, ó tilẹ̀ jẹ́ èrè. Ẹni tí ó bímọ, tí ó sì rí ọmọ wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ ogbó, ta ni yóò fi í ṣẹ̀sín? Ẹni tí kò rí ẹni wẹ̀ ẹ́ ni a ń káàánú. Àwọn Òyìnbó tí ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí a máa fi iyì ènìyàn ṣe òpó àríyànjiyàn wọn, iyì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sọ ni kí ènìyàn lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí ó má gbára lé ẹnikẹ́ni. Ó ní ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ẹ̀sín túmọ̀ àìní irú iyì bẹ́ẹ̀ ti gbé ẹrù tí kì í ṣe ti òwe náà lé e lórí, ó sì ti sọ òkété di ẹlẹ́sìín.

Mo kọjá sí eré. Ìtàn tí ó wà nídìí rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1945, ó yẹ kí Olókùn-Ẹṣin tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àṣà. Àwọn aláṣẹ ìjọba Òyìnbó dá a dúró, ọmọ rẹ̀ sì pa ara rẹ̀ dípò baba. Dúró Ládiípọ̀ fi í ṣe Ọba Wàjà ní 1964. Ṣóyínká fi í ṣe Death and the King's Horseman tí ó jáde ní 1975. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó fi ọdún 1946 sí ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ó sì ní òun ti sún un sẹ́yìn díẹ̀ kí ó lè bọ́ sí àkókò ogun. Kí àwọn tí ń múra ìdánwò kíyè sí i, kí wọ́n má baà fi ọdún inú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ṣe ọdún ìtàn.

Olókùn-Ẹṣin kì í ṣe aláìsàn. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, ọjà ni ó ń bọ̀, ijó ni ó ń jó, Olóhùn-Iyọ̀ sì ń kì í lẹ́yìn. Àwọn ìyá ọjà wọ̀ ọ́ láṣọ olówó iyebíye. Ó rí ọmọge kan tí ó jẹ́ àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà, ó ní òun ni òun yóò fi ṣe aya, wọ́n sì fi fún un lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tí ayé sú kì í ṣe báyìí. Gbogbo wàhálà inú eré náà ni pé ayé kò sú u. Bí ó bá jẹ́ pé ìrora ń jẹ ẹ́ ní egungun, tí oorun kò kùn ún mọ́, kò bá ti sí eré. Yóò ti lọ kí ajẹ́lẹ̀ tó gbọ́. Ikú rẹ̀ jẹ́ gbèsè oyè. Ó ti jẹ oyè náà, ó ti jẹ èrè inú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọba fi wà láyé: kò sí ilé tí a kò ti ṣílẹ̀kùn fún un, kò sí ohun tí ó wù ú tí a fi dù ú. Ọjọ́ tí yóò san án ni ó dé. Aláìsàn kò bá ẹnikẹ́ni ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jẹ oyè àrùn jẹjẹrẹ.

Èyí tí ó tún wúwo jù ni pé nínú eré náà, ìlú ni ó nílò ikú Olókùn-Ẹṣin. Bí kò bá kú, ọ̀nà ọba kò ní í là, ayé àwọn alààyè yóò sì dojú rú. Ìyálọ́jà ń retí rẹ̀, àwọn ọmọge ọjà ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ó lè ráyè kú. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá gbé irú èrò yìí dé ilé ìwòsàn. Àwọn ènìyàn yóò máa retí pé kí arúgbó tètè máa lọ kí ilé lè rójú. Aláìsàn tí kò tètè lọ yóò wá dà bí ẹni tí ó jẹ gbèsè tí kò fẹ́ san. N kò rò pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lo eré náà fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àpẹẹrẹ rẹ̀ ń gbé e lọ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Síbẹ̀, n kò ní kí a pa ìwé náà dé. Apá kan wà níbẹ̀ tí ó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an, ó sì yà mí lẹ́nu pé ó ṣọ̀wọ́n kí a rí i nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní inú Ọba Wàjà, Dáwúdù ọmọ Olókùn-Ẹṣin jẹ́ oníṣòwò ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ṣóyínká yí i padà. Olúńdé tirẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Ìlú Ọba. Pilkings tí ó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ ni ó ràn án lọ́wọ́ láti lọ, tí baba fi bínú kọ̀ ọ́ lọ́mọ. N kò gbà pé èèṣì ni àyípadà yìí. Nígbà tí Olúńdé bá Jane, ìyàwó ajẹ́lẹ̀, pàdé níbi ijó àwọn Òyìnbó, ìyá náà ròyìn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan fún un, ẹni tí ó dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí ó sì fi iná sí i, tí òun pẹ̀lú ọkọ̀ fi gbiná, nítorí pé ẹrù tí ó wà nínú rẹ̀ lè pa àwọn mìíràn ní etí òkun. Lójú Jane, kò yẹ kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ da ẹ̀mí nù. Lójú Olúńdé, ohun ìwúrí ni. Dókítà ọ̀la ni ó ń gbèjà ikú, ìyàwó ajẹ́lẹ̀ ni ó ń gbèjà ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí irú ikú tí Olúńdé ń gbèjà: ikú tí ènìyàn kú fún àwọn ẹlòmíràn. Kò sọ níbì kankan pé ó tọ́ kí dókítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹni tí ara ń ni. Àwọn tí ń fà á wọ inú àríyànjiyàn yìí ti fi ohun tí kò sọ sí i lẹ́nu.

Pilkings ní tirẹ̀ ni ẹ̀dá ìtàn tí ó yẹ kí àwọn tí ó wà nídìí iṣẹ́ ìlera farabalẹ̀ wò. Kí ó tó rán ọlọ́pàá, kò sí ìgbà kan tí ó jókòó ti Olókùn-Ẹṣin láti bi í léèrè ohun tí ó ń lọ ṣe àti ìdí rẹ̀. Ìwé tí Àmúsà kọ sílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ lẹ́nu Jósẹ́fù ọmọ-ọ̀dọ̀ tó o. Ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nílùú lọ́jọ́ náà. Rògbòdìyàn kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ̀mí tí ó ń gbà là àti ipò tí ó ń dáàbò bò ti lọ́ mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò lè yà wọ́n. Ní ìparí eré, nígbà tí Olókùn-Ẹṣin fi ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn, Pilkings ń ṣe làálàá lórí ẹni tí ó ti lọ; Ìyálọ́jà sì bi í pé kí ló dé tí ó ń fi ara rẹ̀ ṣe wàhálà lórí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àní ẹni tí ó sùn sílẹ̀ pàápàá. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà tí wọ́n ti tẹ àyà arúgbó tí ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀, nítorí ẹ̀rù kí a má baà ní wọn kò ṣe nǹkan kan, yóò dá ojú ìran yìí mọ̀. Kí a má sì gbàgbé pé Ìyálọ́jà kì í ṣe adájọ́ tí kò ní ẹ̀gbẹ́. Òkú Olúńdé ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá síwájú baba rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ dára. Kí a má fi ṣe òfin.

Níbo wá ni kí a lọ? Òwe mìíràn wà tí kì í sábà dé inú ìwé ìdánwò: àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Àwọn mìíràn a máa pa á pé àrùn ni ó ṣe é wò, kò sí ẹni tí í wo ọlọ́jọ́. Ọlọ́jọ́ ni ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ pé. Òwe yìí kò bá jagunjagun sọ̀rọ̀. Ó bá oníṣègùn àti ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀. Kò ní kí oníṣègùn pa ẹnikẹ́ni. Ó fi ààlà sí iṣẹ́ rẹ̀: ibì kan wà tí egbòogi ti tán, ẹni tí ó bá sì kọjá ibẹ̀ kì í wo àrùn mọ́, ikú ni ó ń bá jìjàkadì, kò sì ní í dá a.

Òwe náà ní àléébù tirẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Lẹ́yìn tí ẹ̀mí bá ti bọ́ ni a sábà máa ń pa á, láti fi tu ẹbí nínú àti láti fi wẹ oníṣègùn mọ́. Nígbà náà ó rọrùn, nítorí pé ikú ti fi ara rẹ̀ hàn. Kí a pa á ṣáájú ikú ni ó ṣòro. Ta ni yóò sọ pé ọjọ́ ti pé? Babaláwo a máa bi Ifá léèrè. Dókítà a máa wo ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán inú ara. Àwọn méjèèjì ti sọ pé ó pé rí, tí aláìsàn sì dìde ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ó bèèrè oúnjẹ. Nítorí náà, òwe yìí kò lè dá ìpinnu ṣe. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó jẹ́ kí a mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí a bèèrè: ṣé àrùn ni a ṣì ń wò, àbí ikú?

Ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ sì ni ohun tí mo fẹ́ kí olùkọ́ èdè dúró lé lórí. Wò ní ìlò méjì tí kò jìnnà síra. A ń fi ojú wo ènìyàn. A ń fi oògùn wo àrùn, láti inú èyí ni a ti rí ìwòsàn. Òwe gba ìlò kejì lọ́wọ́ wa nígbà tí ọjọ́ bá pé. Kò gba ti ìṣáájú. Ẹ wo orúkọ àbíkú. A máa ń kọ́ni ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́ àti Kásìmáawòó bí ẹni ń ka ẹyọ owó, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kó o sórí. Ọ̀rọ̀ tí a sọ sí ẹni tí ó lè lọ nígbàkigbà ni gbogbo wọn. Kòsọ́kọ́ àti Àkísàtán tilẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi sin ín, kò sí àkísà mọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí mo mọ̀, kò sí ọ̀kan tí ó ní kí ó máa lọ. Kásìmáawòó ni ó jinlẹ̀ jù lójú mi. Òbí tí ó sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ ti sin ju ẹyọ kan lọ. Kò ní òun yóò wò ó sàn. Kò ṣe ìlérí kankan. Ó ní kí a ṣì máa wò ó.

Ohun tí Cicely Saunders fi lélẹ̀ ní London ní 1967, nígbà tí a ṣí St Christopher's Hospice, kò jìnnà sí èyí: kí a dẹ́kun ìwòsàn tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí a má sì dẹ́kun àti máa wo aláìsàn, kí a pa ìrora rẹ̀, kí a wẹ̀ ẹ́ mọ́, kí a jókòó tì í. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka tí ń ṣe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Àdúrà tí àwọn àgbà ń gbà pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a kú ikú oró, iṣẹ́ tí ń bẹ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí nìyẹn. Mo sọ ọ́ nítorí pé aròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa rí bí ẹni pé ọ̀nà méjì péré ni ó wà: kí a fi ẹ̀rọ há aláìsàn mọ́lẹ̀, tàbí kí a pa á.

Ó ku ìbéèrè ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ náà. Ní 1991, obìnrin ọ̀dọ́ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní orílẹ̀-èdè yìí ní àìsàn tí àwọn dókítà fi ní ó di dandan kí a fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ó kọ̀, nítorí pé Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni. Ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn tí ó gbà láti tọ́jú rẹ̀ láìlo ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó kú. Ìgbìmọ̀ tí ń bá àwọn dókítà wí dá dókítà yìí lẹ́bi, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Ní oṣù Kẹta 2001, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fara mọ́ ọn, Adájọ́ Ayọ̀ọlá ni ó sì ka ìdájọ́ tí ó ṣáájú: àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú, bí kíkọ̀ náà tilẹ̀ lè já sí ikú. Ṣùgbọ́n òfin kan náà kò gbà kí ẹlòmíràn ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti pa ara rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n gbére ni Abala 326 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn fi lélẹ̀ fún un, Abala 311 sì ka ẹni tí ó bá mú ikú ẹni tí àrùn ti ń ṣe yára sí ẹni tí ó pa á. Ó dà bí ẹni pé òfin náà mọ òwe àrùn là á wò: ó yọ̀ǹda kí a dáwọ́ dúró nígbà tí aláìsàn bá kọ̀, kò yọ̀ǹda kí a gbé ọwọ́ sókè.

Níhìn-ín ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn àwọn tí ń fi àṣà gbe ẹbí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ọmọkùnrin àgbà ni dókítà ń pè sí kọ̀rọ̀. Òun ni a ń sọ òótọ́ fún, òun ni a ń bi, aláìsàn kò sì gbọ́dọ̀ gbọ́. Wọn a ní àṣà ni. Ó jẹ́ àṣà lóòótọ́ pé kí ẹbí pagbo yí aláìsàn ká. Ṣùgbọ́n àṣà kan náà ni ó mú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn àgbà ní ọ̀wọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lójú. Ibi tí ó ní kí a sin òun sí, ibẹ̀ ni a ń sin ín. Ẹni tí ó ní kí ilẹ̀ oko jẹ́ tirẹ̀, onítọ̀hún ni ó ń gbà á, bí ó tilẹ̀ bí àwọn ìyókù nínú. Bí a bá ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí kò lè sọ ọ́ mọ́, èéṣe tí a kò fi ní í gbọ́ ọ nígbà tí ó ṣì lè sọ ọ́?

Owó pẹ̀lú wà níbẹ̀, a kì í sì í kọ ọ́ sínú aròkọ. Gbólóhùn kan wà tí a ń gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn: ẹ jẹ́ kí a máa gbé e lọ sílé. Ó lè túmọ̀ sí pé ẹbí ti gbà pé ọjọ́ pé, pé kí ó lọ kú lórí ẹní rẹ̀ láàrin àwọn ọmọ rẹ̀. Ó tún lè túmọ̀ sí pé owó ti tán. Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yọ owó ìtọ́jú láti inú àpò ara wọn, ìtumọ̀ kejì wọ́pọ̀, ó sì ń fi aṣọ ti ìṣáájú bora. Ẹni tí àrùn rẹ̀ ṣì ṣeé wò ni a ń pè ní ọlọ́jọ́. Olùkọ́ tí ń kọ́ni ní àtúpalẹ̀ gbólóhùn ọlọ́pọ̀-ìtumọ̀ kò nílò láti wá àpẹẹrẹ lọ jìnnà. Bákan náà ni àwọn tí ń kọ ikú àánú fún ohun tí dókítà ń ṣe nígbà tí ó bá fi abẹ́rẹ́ pa aláìsàn tí ó bẹ̀ ẹ́. Ikú kò ní olùwà. Ó kàn ń dé ni. Pípa ní olùwà. Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn pé ó tọ́, kí ó lo ọ̀rọ̀ tí ó fi olùwà hàn, kí ó sì gbèjà rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ lo Ikú Olókùn-Ẹṣin nínú irú aròkọ yìí, kí ó fi Olókùn-Ẹṣin sílẹ̀, kí ó mú ibi tí Olúńdé àti Jane ti ń sọ̀rọ̀. Ó dára kí a kà á sókè nínú kíláàsì, kí ẹni tí ń ka ti Jane kà á tọkàntọkàn láìfi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé Ṣóyínká fún un ní ọ̀rọ̀ tí ó ní ìwúwo ju èyí tí a máa ń fún un nígbà tí a bá ń kà á lọ. Lẹ́yìn náà kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú wọn kọ̀ láti gbọ́ lẹ́nu ẹnìkejì. Ní ti òwe, kí ó kọ ẹni tí ń pa á, ẹni tí a ń pa á fún, àti bóyá aláìsàn náà sùn tàbí ó ń gbọ́.